Bóòdù géèmù àtijọ́ yẹn ò tíì kú o: bẹ́ ẹ ṣe lè so ó mọ́ TV pẹlẹbẹ

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì gbé bóòdù géèmù yẹn, ìyẹn bóòdù oníchip tó wà nínú ẹ̀rọ géèmù oníkọ́ìnì àtijọ́, fún àwọn tó ń ra irin àlòkù. Ìyẹn ni mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ, torí mo ti rí bóòdù tó pọ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí tí wọ́n ní ó ti kú, bẹ́ẹ̀ nǹkan kan ò ṣe é, TV tí wọ́n so ó mọ́ ni ò gbọ́ èdè ẹ̀.

Bàbá kan wà ní Sábó tí wọ́n ní ilé géèmù nígbà tá a ṣì kéré. Ẹ̀rọ mẹ́rin ló wà níbẹ̀, ẹni tó bá ti fi kọ́ìnì ẹ̀ lélẹ̀ lórí gíláàsì ló kàn, kò sẹ́ni tó jẹ́ fo ẹnì kan. Nígbà tó yá àwọn TV inú ẹ̀rọ yẹn jó lọ́kọ̀ọ̀kan, Bàbá ti ilé géèmù pa, wọ́n fi pákó ẹ̀ kan ilé adìẹ, àmọ́ wọ́n kó àwọn bóòdù yẹn sínú páálí, wọ́n gbé e sókè àjà. Ìgbà tí mo lọ kí wọn ni wọ́n ní, "Ọmọ mi, wá bá mi wo páálí kan, bóyá nǹkan ṣì wà níbẹ̀." Street Fighter II ti Capcom tó jáde ní 1991 ni mo kọ́kọ́ fà yọ. Mo délé, mo gé wáyà VGA kan, mo so pupa mọ́ pupa, gíríìnì mọ́ gíríìnì, búlúù mọ́ búlúù, mo tan iná, mónítọ̀ kọ "Out of range" ó sì dúdú. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi gbà pé bóòdù yẹn ti lọ. Ohùn ló gbà á là. Mo so sípíkà kékeré kan mọ́ ọn, mo fi wáyà kan ojú kọ́ìnì mọ́ gíráǹdù (ojú tí iná ń gbà padà), mo sì gbọ́ ohùn kọ́ìnì yẹn gbọnmọgbọnmọ, ohùn tí mi ò gbọ́ láti nǹkan bí ogún ọdún. Bóòdù wà láàyè, ojú ìwòran nìkan ni ò sí.

Ohun tó fà á nìyí. Àwòrán orí TV, ìlà ìlà ló ń yà á, láti òsì sí ọ̀tún, látòkè wá sísàlẹ̀. Bóòdù àtijọ́ máa ń ya bí ìlà 262 fún àwòrán kan, ó sì ń ya bí àwòrán 60 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tẹ́ ẹ bá sọ ọ́ di púpọ̀ ó lé ní ìlà 15,700, ìyẹn ni wọ́n ń pè ní 15 kHz. Ojú VGA ti mónítọ̀ kọ̀ǹpútà, bí 31.5 kHz ló máa ń bẹ̀rẹ̀, ìlọ́po méjì géérégé. Ẹni tó ń retí kí èèyàn sọ̀rọ̀ kíákíá, tí ẹlòmíì wá ń fa ọ̀rọ̀ nílẹ̀ fún un, kò ní dúró gbọ́. TV àtijọ́ tó yọkùn sẹ́yìn ló gbọ́ 15 kHz dáadáa, òun ló sì wà nínú ẹ̀rọ géèmù nígbà yẹn. Torí náà a nílò ògbufọ̀ láàárín bóòdù àti TV pẹlẹbẹ, gbogbo iṣẹ́ yìí kò ju ìyẹn lọ, àmọ́ ojú ọ̀nà ẹ̀ ní kòtò díẹ̀ tó lè jó bóòdù tí ò ṣeé rà mọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á.

Kẹ́ ẹ tó ra nǹkan kan, ẹ wo etí bóòdù yẹn. Àwọn ilé iṣẹ́ géèmù ní Japan fẹnu kò ní 1985 lórí irú ojú ìsopọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní JAMMA, ojú 56 ló ní, 28 lókè 28 nísàlẹ̀, láti àárín ọ̀kan dé àárín ìkejì jẹ́ 3.96 mm. Tí bóòdù yín bá jẹ́ JAMMA, inú yín á dùn, wáyà kan náà lẹ máa lò fún gbogbo wọn. Àwọn tó ti wà ṣáájú ìgbà yẹn, bíi Pac-Man ti 1980 àti Galaga ti 1981, kálukú ló ní etí tiẹ̀, ẹ máa nílò ádápítọ̀ tàbí kẹ́ ẹ wá ìwé wáyà tiẹ̀ gan-an. Donkey Kong ti Nintendo tún yàtọ̀, àwọ̀ tó ń gbé jáde dojú dé, funfun á di dúdú, ẹ má lọ rò pé ó bàjẹ́.

Nǹkan tẹ́ ẹ máa wá: wáyà JAMMA tó ti lẹ́nu lọ́wọ́ kan, páwà sọ́pláì tó ń gbé 5 volt àti 12 volt jáde, kọnfátà 15 kHz sí VGA, rẹsístọ̀ (ohun tó ń dín agbára iná kù) tó ṣeé yí mẹ́ta ti 1 kilo-ohm, rẹsístọ̀ 470 ohm kan, sípíkà 8 ohm kan, àti mítà tí wọ́n fi ń wọn volt. Mítà yẹn ṣe kókó, ẹni tí ò bá ní mítà kó lọ yá a lọ́wọ́ rẹ́díónìkì àdúgbò ẹ̀ kó tó fọwọ́ kan nǹkan kan. Mónítọ̀ onígun mẹ́rin tòkúnbọ̀, irú èyí tí àwọn èèyàn ti pa tì, òun ni mo fẹ́ràn jù fún iṣẹ́ yìí, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń ta kọ̀ǹpútà lọ́nà LAUTECH.

Ẹ fọ etí bóòdù ná. Mo mọ̀ pé ìkánjú á fẹ́ mú yín, àmọ́ ẹ má fo ibí yìí. Irésà táwọn ọmọ iléèwé fi ń pa pẹ́ńsùlù rẹ́ ni kẹ́ ẹ mú, èyí tó rọ̀, ẹ fà á lórí etí yẹn lọ́nà kan ṣoṣo, jẹ́jẹ́. Ti Bàbá yẹn, ìfà mẹ́ta péré, nǹkan dúdú bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ bí ẹ̀tù, mo rí i tí etí yẹn ń pọ́n díẹ̀díẹ̀, títí tó fi ń dán bí òrùka. Tó bá ti ń dán kẹ́ ẹ dúró, torí wúrà tí wọ́n fi ra á ò nípọn, ẹni tó bá ń hó o bí ìsàlẹ̀ ìkòkò á hó wúrà yẹn kúrò. Lẹ́yìn náà ẹ fi òwú tẹ́ ẹ rì sínú ọtí ìfọǹkan tó ń jẹ́ isopropyl nù ún, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kó gbẹ dáadáa. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ṣe é nígbà ọyẹ́, ẹ bọ́ súwẹ́tà, ẹ fọwọ́ kan irin tó kanlẹ̀ ná kẹ́ ẹ tó di bóòdù mú, torí iná kékeré tó máa ń ta wá lọ́wọ́ nígbà ọyẹ́ yẹn, ó tó pa chip.

Ẹ wo bóòdù yẹn bóyá bátìrì wà lórí ẹ̀, torí ibí lọ̀rọ̀ ti pín sí méjì. Bátìrì aláwọ̀ búlúù tàbí gíríìnì tó máa ń wà lórí bóòdù Neo Geo MVS ti SNK, tó bá ti pẹ́ ó máa ń da omi, omi yẹn á sì jẹ ojú wáyà inú bóòdù tán pátápátá, ẹ yọ ọ́ kíá, kẹ́ ẹ fọ ibẹ̀. Àmọ́ tó bá jẹ́ CPS-2 ti Capcom, irú èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní 1993 tó wà nínú ike ńlá, bátìrì ibẹ̀ ló di kọ́kọ́rọ́ géèmù yẹn mú, ẹ yọ ọ́ ni, géèmù gbàgbé kọ́kọ́rọ́ ẹ̀, kò sì ní ṣí mọ́ àyàfi kẹ́ ẹ wá ẹni tó máa tún un kọ sínú ẹ̀. Bátìrì kan ẹ yọ, bátìrì kan ẹ má fọwọ́ kàn, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má ṣì í gbé.

Ó kan páwà. Páwà sọ́pláì ti géèmù ló dáa jù torí ó ní nǹkan kékeré kan tẹ́ ẹ lè fi sukurudírífà yí láti gbé 5 volt sókè tàbí sọ ọ́ kalẹ̀. Tí kò bá sí, ti kọ̀ǹpútà náà ṣe é lò: ẹ so wáyà gíríìnì ẹ̀ mọ́ dúdú kan kó lè tan, pupa ni 5 volt, yẹ́lò ni 12, dúdú ni gíráǹdù. Ẹ tan án láì tíì so bóòdù, ẹ fi mítà wọ̀n ọ́n. Tó bá pé, ẹ pa á, ẹ wá so ó mọ́ wáyà JAMMA báyìí: ẹ̀gbẹ́ tí àwọn chip wà ló ní nọ́ńbà 1 sí 28, ẹ̀gbẹ́ kejì tí wọ́n jó lẹ́ẹ̀dì sí ló ní lẹ́tà. 1, 2, A àti B jẹ́ gíráǹdù, bẹ́ẹ̀ náà ni 27, 28, e àti f lẹ́yìn lọ́hùn-ún. 3, 4, C àti D jẹ́ 5 volt. 6 àti F jẹ́ 12 volt. Ẹ má fi wáyà tín-ín-rín kan ṣoṣo gbé 5 volt, ẹ so mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, torí ibẹ̀ ni bóòdù ti ń jẹun jù.

Ní ojú keje, aafo kan wà tí wọ́n fi ike kékeré dí lẹ́nu wáyà kó má baà ṣeé kì bọ̀ ọ́ lódìkejì. Wáyà JAMMA olówó pọ́ọ́kú míì kì í ní ike yẹn. Tẹ́ ẹ bá kì í bọ̀ ọ́ lódìkejì, 12 volt á lọ wọ ojú bọ́tìnì kejì tó jẹ́ pé 5 volt ni chip ẹ̀ ń jẹ, àárín ìṣẹ́jú àáyá kan ni nǹkan á bàjẹ́. Mo máa ń fi máákà funfun kọ "ÒKÈ" sórí wáyà mi, gbàrà tí mo bá rà á ni.

Tẹ́ ẹ bá ti so bóòdù, ẹ tan iná, ẹ fi ẹnu mítà kan ojú 5 volt lórí bóòdù fúnra ẹ̀, kì í ṣe lẹ́nu páwà sọ́pláì, torí wáyà máa ń jẹ díẹ̀ lójú ọ̀nà, ó lè jẹ́ 5.0 lọ́hùn-ún kó jẹ́ 4.7 níbí. Láàárín 4.95 sí 5.05 ni kẹ́ ẹ fi sí. Tó bá lọ sísàlẹ̀ 4.75, géèmù á máa bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ fúnra ẹ̀ tàbí kó máa ya nǹkan ìdàrúdàpọ̀, tó bá ju 5.25 lọ ẹ ti ń fìyà jẹ àwọn chip. Háfù kọ́rẹ́ǹtì tá a máa ń rí lálẹ́ nígbà míì náà lè fa páwà sọ́pláì tí ò lágbára wálẹ̀, ẹ jẹ́ kó gba inú sítábíláísà kọjá, tó bá sì jẹ́ jẹnẹrétọ̀ kékeré lẹ fẹ́ lò, ẹ jẹ́ kó dúró dáadáa ná kẹ́ ẹ tó tan géèmù.

Ẹ ṣì gbàgbé àwòrán ná, ohùn la fẹ́ gbọ́. Sípíkà á lọ sí ojú 10 àti L. Àwọn kan máa ń fẹ́ so ibí yìí tààrà mọ́ ẹnu ohùn TV, ẹ má dán an wò. Ohùn tó ń jáde níbí ti gba inú ámúpù orí bóòdù, ó ti lágbára tó láti ti sípíkà, ó lè jó ẹnu TV yẹn, bóòdù míì sì wà tó jẹ́ pé ẹsẹ̀ L ẹ̀ kì í ṣe gíráǹdù rárá, ẹ so ó mọ́ gíráǹdù TV ni ámúpù ẹ̀ jó. Sípíkà lásán ló tọ́ sí i. Ẹ wá fi wáyà kan ojú 16 tó jẹ́ kọ́ìnì mọ́ gíráǹdù fẹ́ẹ́rẹ́, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ kan 17 tó jẹ́ sítáàtì. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ ohùn géèmù, ọkàn yín balẹ̀, ohun tó kù ò le. Tẹ́ ẹ ò bá gbọ́ nǹkan kan, ẹ wo bọ́tìnì fólúùmù kékeré tó máa ń wà lórí bóòdù kẹ́ ẹ tó banú jẹ́, ẹlòmíì ti lè yí i sílẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́.

Ó wá kan àwòrán. Ojú 12 ni pupa, N ni gíríìnì, 13 ni búlúù, P ni sync, 14 ni gíráǹdù àwòrán. Sync yìí ni ń sọ fún TV pé ìlà kan parí, òmíràn bẹ̀rẹ̀, láìsí i àwòrán á máa yí bí aṣọ tí atẹ́gùn ń fẹ́. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ ni pé àwọ̀ tó ń jáde lórí bóòdù géèmù lágbára ju ti nǹkan òde òní lọ fíìfíì. Ẹnu àwòrán òde òní, 0.7 volt ló ń retí, 75 ohm ló sì fi ń gbà á. Bóòdù géèmù lè gbé volt mélòó kan jáde, torí bí TV inú ẹ̀rọ àtijọ́ ṣe ń fẹ́ ẹ nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá so ó bẹ́ẹ̀ láìdín in kù, gbogbo nǹkan á funfun, ojú àwọn èèyàn inú géèmù á dà bí ẹni tó kun pọ́dà jù, ẹ sì tún lè ba kọnfátà jẹ́. Ibí ni àwọn rẹsístọ̀ mẹ́ta yẹn ń wúlò, ọ̀kọ̀ọ̀kan lójú ọ̀nà àwọ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ yí wọn síbi tí wọ́n ti ń dí i jù kẹ́ ẹ tó tan iná. 470 ohm á wà lójú ọ̀nà sync, tó bá jẹ́ kọnfátà tó ń gba sync pẹ̀lú 75 ohm. Ẹ jó wáyà yẹn dáadáa kẹ́ ẹ sì fi rọ́bà bò ó, ẹ má kàn lọ́ ọ pọ̀, wáyà lílọ́ ló máa ń jẹ́ kí àwọ̀ kan ṣàdédé lọ láàárín géèmù.

Kọnfátà tó wọ́pọ̀ tí ò sì wọ́n ni GBS-8200, bóòdù kékeré kan láti China, 5 volt ló ń jẹ, ẹ lè fà á lára páwà sọ́pláì kan náà. Wọ́n kọ lẹ́tà àwọ̀ àti sync sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tẹ́ ẹ máa so ó sí, VGA ló sì ń jáde lápá kejì. Ẹ tan án, ẹ dúró díẹ̀, tí àwòrán ò bá yọ ẹ tẹ bọ́tìnì mẹ́nù ẹ̀ kẹ́ ẹ yan irú ohun tó ń wọlé, RGB, ìyẹn pupa, gíríìnì àti búlúù. Tí mónítọ̀ yín bá jẹ́ ti onígun mẹ́rin, 640x480 tàbí 1024x768 á bá a mu. Tí TV yín ò bá ní ojú VGA, àfi kẹ́ ẹ tún fi kọnfátà VGA sí HDMI sí i.

Mi ò ní tan yín jẹ nípa GBS-8200 yìí, àléébù ẹ̀ ni pé ó máa ń ṣe àwòrán géèmù bí ẹni pé ìdajì ìdajì ló ń wọlé, bíi ti TV àtijọ́, á wá máa pa á pọ̀, ìyẹn ló ń jẹ́ kí nǹkan tó bá ń sáré rí ṣákaṣàka létí, ó sì tún ń fa àwòrán sẹ́yìn díẹ̀. Fún ẹni tó kàn fẹ́ rí géèmù ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, ó tó. Ẹni tó bá fẹ́ kó gbé ẹ̀ṣẹ́ lásìkò tó gbé e, ọ̀nà méjì ló wà. Ètò ọ̀fẹ́ kan wà tó ń jẹ́ GBS-Control, ẹ máa jó chip ESP8266 kékeré kan mọ́ GBS-8200 yẹn, á sì yí ìwà ẹ̀ padà pátápátá, òun ni mo fi sí ti Bàbá. Ọ̀nà kejì ni kọnfátà míì tó ń jẹ́ OSSC, ìlà kọ̀ọ̀kan tó bá gbà ló ń yà lẹ́ẹ̀mejì lójú ẹsẹ̀, kì í dúró gba odindi àwòrán ná, nítorí náà ìdádúró ẹ̀ kò tó nǹkan, àmọ́ ó wọ́n, bí àwòrán sì ṣe wọlé sí i náà ló ṣe ń jáde. Mortal Kombat ti 1992, bí àwòrán 54.7 ló ń yà ní ìṣẹ́jú àáyá kan dípò 60, TV míì ò ní gbà á láti ọwọ́ OSSC, TV míì á gbà á láìjanpata. Ẹ yá TV ọ̀rẹ́ yín dán an wò kẹ́ ẹ tó náwó.

Tí àwòrán bá ti yọ, ẹ ṣe àwọ̀ ẹ̀. Bóòdù tó pọ̀ ní ojú ìdánwò tẹ́ ẹ máa ṣí nípa kíkan ojú 15 mọ́ gíráǹdù tàbí nípa títẹ ọ̀kan nínú àwọn síwíìṣì kéékèèké orí bóòdù, ẹ wá ibi tí wọ́n ti to àwọ̀ láti dúdú dé funfun. Ẹ yí rẹsístọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta díẹ̀díẹ̀ títí funfun á fi jẹ́ funfun, tí ẹ sì ṣì lè rí ìyàtọ̀ láàárín funfun méjì tó kẹ́yìn. Tó bá ń pọ́n díẹ̀, ẹ dín pupa kù, ẹ má lọ fi àwọn méjì tó kù lé e. Èmi máa ń ṣe é lálẹ́, tí iná yàrá bá kéré, torí ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán máa ń tan ojú jẹ.

Lórí TV, ẹ lọ sí sẹ́tìn, ẹ yan 4:3 kí Ryu inú Street Fighter má baà sanra bí àpò gàrí, ẹ yan Game Mode tó bá ní, torí ó ń pa àwọn iṣẹ́ àtúnṣe àwòrán tó ń fa nǹkan sẹ́yìn. Ní àwòrán 60, odindi àwòrán kan jẹ́ bí 16.7 millisecond, TV tó bá fi àwòrán mẹ́ta tàbí mẹ́rin sẹ́yìn, ọwọ́ ẹni tó mọ géèmù náà dáadáa á mọ̀ ọ́n lára. Bàbá yẹn ò mọ nǹkan kan nípa millisecond, àmọ́ lórí TV àkọ́kọ́ tí mo so ó mọ́, ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n fò, wọ́n ní, "Ó ń ronú kó tó fò."

Àwọn géèmù kan sì wà tí àwòrán wọn dúró lóròó, Pac-Man, Galaga, 1942. Ẹ ò lè fi mẹ́nù yí i, mónítọ̀ fúnra ẹ̀ lẹ máa dùbúlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Ẹ wo ẹ̀yìn ẹ̀, ihò mẹ́rin tó fi 100 mm jìnnà síra máa ń wà níbẹ̀, ẹ jẹ́ kí káfíńtà ge pákó tó bá a mu kẹ́ ẹ fi bóòtì dè é, àmọ́ kẹ́ ẹ yẹra fún mónítọ̀ tó máa ń dúdú téèyàn bá wò ó láti ìsàlẹ̀, torí tẹ́ ẹ bá ti dá a délẹ̀, ìsàlẹ̀ yẹn ló máa wá di ẹ̀gbẹ́, ẹni méjì ò ní lè jọ wò ó. Ẹ fi àyè sílẹ̀ kí ooru lè jáde.

Ọ̀rọ̀ kan fún ẹni tí ẹ̀rọ ẹ̀ ṣì ní TV àtijọ́ nínú: ẹ má fọwọ́ sí ẹ̀yìn ẹ̀ láti tú u fúnra yín. Iná tó wà nínú gíláàsì yẹn lé ní 10,000 volt, ó sì lè ṣì wà níbẹ̀ lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti yọ ọ́ lára iná. Ẹ pe rẹ́díónìkì tó mọ bí wọ́n ṣe ń tú iná ẹ̀ sílẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá ti parí, ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ fún wákàtí méjì, kẹ́ ẹ wá wọn 5 volt yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i nígbà tó ti gbóná, kẹ́ ẹ kọ ohun tẹ́ ẹ bá rí àti déètì ẹ̀ sórí tépù, kẹ́ ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn pákó níbi tí ẹni tó máa tún un ṣe lọ́jọ́ iwájú ti lè rí i. Ti Bàbá, 5.02 ló wà lára tiẹ̀.